Bí a ṣe ń mú akọ gínì-píìgì tuntun wọ àárín àwọn abo

Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó ló ń dìde nílé bàbá rẹ̀ lọ bá àwọn ìyálé nílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ gínì-píìgì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ní abo mẹ́ta mẹ́rin tó ti mọ ara wọn nínú àgò, tí ẹ wá lọ ra akọ, akọ yẹn gan-an ni ìyàwó tuntun. Òun ló ń wọlé onílé, òun ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ra akọ láàárọ̀, á jù ú sínú àgò kí ọ̀sán tó pọ́n, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á máa bi aládùúgbò bóyá wọ́n ní oògùn egbò nílé. Mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ṣe é rí.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, ni àgò mi wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹran yìí ni àwọn kan ń pè ní ẹmọ́ òyìnbó, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní ehoro kékeré, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá ehoro. Orí òkè ní Peru àti Bolivia lọ́hùn-ún, níbi tí atẹ́gùn ti tutù, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin ín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ooru ń bọ̀ níwájú. Abo mẹ́rin ni mo ní nígbà náà. Àgbà inú wọn, aláwọ̀ ilẹ̀ tó sanra, ni mo sọ ní Ìyálóde, ọmọ Ẹ̀gbá kò ní bi mí pé kí nìdí. Akọ tí mo rà ni mo pè ní Balógun. Orúkọ yẹn ò bá a mu rárá, bí ẹ ó ṣe rí i.

Kí ẹ tó ra akọ rárá

Ṣé ọmọ lẹ ń fẹ́? Akọ àti abo tó bá ń sùn nínú àgò kan, ọmọ ni wọn ó bí. Ní bí ọjọ́ 16 síra ni ara abo máa ń gba akọ, oyún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 59 sí 72, ó sì lè bí ọmọ 1 sí 8, ṣùgbọ́n 2 sí 4 ló wọ́pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún abo mẹ́rin, kí ẹ wá wo ìwọ̀n àgò yín.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ lẹ ń fẹ́ lóòótọ́, ẹ wo ọjọ́ orí abo kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kọjá ibí yìí, torí ohun tó wà níbí ń pa ẹran ju ìjà lọ. Abo tí kò bímọ rí títí tó fi pé oṣù 6 tàbí 7, egungun iwájú ìbàdí rẹ̀ lè ti so pọ̀. Ó yẹ kí egungun yẹn là fún ọmọ láti kọjá. Ọmọ gínì-píìgì kì í sì í ṣe ọmọ kékeré bíi ti eku: irun ti bò ó, eyín ti wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, kò sì ní pẹ́ tó fi máa sáré. Bí ìbàdí kò bá là, ọmọ á há sí i, àfi kí dókítà ẹranko yára ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá, kì í sì í sábà yọrí sí rere. Nítorí náà, abo tó ti dàgbà láì bímọ rí, ẹ má ṣe fi akọ tì í. Bó bá jẹ́ pé ọjà lẹ ti rà á, tí ẹ ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ kà á sí àgbà.

Ti ọmọdé náà ní ewu tirẹ̀. Abo lè lóyún ní ọ̀sẹ̀ 4 péré, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ. Èmi kì í jẹ́ kí akọ dé ọ̀dọ̀ èyí tí kò bá tíì tó gíráàmù 500 lórí òṣùwọ̀n, ìyẹn á jẹ́ bí oṣù 3 sí 4.

Ẹ tún wo àwọ̀. Àwọn kan wà tí irun funfun àti dúdú dà pọ̀ lára wọn kálẹ̀ bí ìyẹ́ ẹ̀tù. Bí akọ bá rí bẹ́ẹ̀ tí abo náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ má so wọ́n pọ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin tí irú wọn bá bí, ọ̀kan lè funfun báláú, kó fọ́jú, kí eyín rẹ̀ má tò dáadáa, kò sì ní pẹ́ láyé.

Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ lè wá akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ abo, torí àtọ̀ tó ti wà nínú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tíì tán.

Akọ kan ṣoṣo ni o. Akọ méjì lọ́dọ̀ abo, ogun ni.

Ẹ rí i dájú pé akọ ni

Àwọn tó ń tà á gan-an kì í sábà mọ̀. Ẹ gbé e, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí àyà yín, ẹ fi ìka tẹ òkè ojú ara rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ akọ, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ á yọ síta. Ti abo máa ń là bí lẹ́tà Y.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibi ọ̀tọ̀

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Akọ tí mo kọ́kọ́ rà, kó tó di pé mo ra Balógun, ọwọ́ ọkùnrin kan tó kó wọn sínú páálí ni mo ti rà á. Ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá kó o bá àwọn abo lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, irun ń re lára Ìyálóde lẹ́yìn etí, ibẹ̀ funfun, ó ń ṣí èèpá. Mo ṣì ń rò pé bóyá wọ́n ń já irun ara wọn ni, àfi bí ọmọ mi obìnrin ṣe na ọwọ́ sí mi pé, "Dádì, ó ń yún mi." Òrùka pupa kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Làpálàpá. Akọ yẹn ló gbé e wálé, ó ran gbogbo àgò, ó ran ọmọ, ó ran èmi náà. Owó tí mo ná sórí ìpara àti oògùn ju owó tí mo fi ra ẹran lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 3 gbáko ní yàrá mìíràn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àgò àwọn abo. Abọ́ omi rẹ̀ yàtọ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tiyín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, ẹ wá ti ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé imú rẹ̀ gbẹ? Ṣé kì í sín, ṣé ojú rẹ̀ kì í ṣepin? Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣù hóró hóró? Ẹ tú irun rẹ̀ wò bóyá iná wà níbẹ̀. Kòkòrò ara kan wà tí kì í hàn sí ojú lásán, irú èyí tó ń fa kúrúnà: ẹran tó bá ní in á máa họra débi pé á máa jà bí ẹni tí gìrì mú. Oògùn rẹ̀ wà, ivermectin ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fojú bù. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, ìlú wa kò sì ṣàìní àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ wá ọ̀kan.

Mo fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ kan síbí. Nílé wa, bí ẹran bá sín lẹ́ẹ̀mejì, a ti ń wá kápúsù tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀. Ampicillin, amoxicillin àti gbogbo ìdílé penicillin, májèlé ni fún gínì-píìgì. Ó ń pa àwọn kòkòrò inú ìfun rẹ̀ tó ń bá a lọ koríko, àwọn búburú á wá gba ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi, á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àìsàn ló pa á.

Bí ẹ bá ń sin ehoro, ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ ọn. Kòkòrò kan tí ehoro máa ń gbé sí imú láìṣàìsàn lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá gínì-píìgì.

Kí wọ́n gbóòórùn ara wọn

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé àgò akọ wá sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn abo, kí nẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn. Ọjọ́ méjì tó mi. Àwọn kan máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹran tó ń rí ara rẹ̀ tí kò lè dé ibẹ̀, inú rẹ̀ á kàn máa ru. Ẹ bu díẹ̀ nínú èérún pákó tó wà lábẹ́ akọ sí ọ̀dọ̀ àwọn abo, kí ẹ sì bu tiwọn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Imú ni wọ́n fi ń mọ ará ilé.

Ọjọ́ ìpàdé

Kì í ṣe inú àgò àwọn abo ni kí wọ́n ti pàdé. Ilé wọn nìyẹn, wọn á sì jà fún un. Ẹ wá ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín nínú wọn. Fàráńdà ẹ̀yìnkùlé ni mo lò: mo fọ sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo fi pákó yí ibi tó tó mítà 2 sí mítà 1 ààbọ̀ ká. Mo da òkìtì èèsún tútù àti ewé kúkúǹdùkú sáàárín. Mo gbé páálí mẹ́ta kalẹ̀, mo sì gé ẹnu ọ̀nà méjì méjì sí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà méjì yẹn ṣe pàtàkì o. Páálí tó bá ní ẹnu kan, pàkúté ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń há ẹni tí ń sá mọ́.

Aago méje àárọ̀ ló dára, kí oòrùn tó le. Kí ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ní òde láti lọ, torí ó lè gba gbogbo àárọ̀.

Mo kọ́kọ́ kó àwọn abo síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo wá gbé Balógun kalẹ̀ ní ìkangun kejì. Ó dúró bí ìṣẹ́jú kan, imú rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tan: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti inú àyà wá, "ruuu, ruuu", ó ń fi ìdí yan bí ẹni tó wọ agbádá tuntun lọ sí òde, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yan lọ bá abo tó kéré jù, ìyẹn sá. Ó yan lọ bá èkejì, ìyẹn náà sá. Ó wá yí ká ẹ̀yìn Ìyálóde, ó ń fi imú kan ìdí rẹ̀. Ìyálóde kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ìdí sókè, ó tọ̀ sí i lójú, ṣẹ́ẹ́! Balógun jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára níbi ìnáwó.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ti ń wo wọn láti orí ògiri. Ó ní, "Bàbá Títí, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ á máa wò wọ́n ná. Wọ́n ń kí i káàbọ̀ ni."

Títọ̀ yẹn, ọ̀nà tí abo fi ń sọ pé "mi ò ṣe" nìyẹn. Kì í ṣe ìjà. Kíkùn àti yíyan akọ, lílé ara wọn kiri, gígùn ara wọn lẹ́yìn, kódà kí abo gun akọ, kí wọ́n máa wọ́ ìdí nílẹ̀ láti fi òórùn sílẹ̀, kí àwọn méjì máa gbé imú sókè síra wọn kí wọ́n mọ ẹni tó ga jù: gbogbo rẹ̀ ni ètò ilé tí wọ́n ń tò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí ìyẹ́ irun kan méjì já, kò burú.

Ohun tí etí yín gbọ́dọ̀ máa wá ni eyín. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń payín keke, tí irun ọrùn wọn dìde, tí àwọn méjì kọjú síra wọn láì yẹra, inú ti ń bí wọn nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹnì kan á yẹ̀ sẹ́yìn, ó tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dì mọ́ ara wọn, tí wọ́n di bọ́ọ̀lù kan tó ń yí nílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ là wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán là wọ́n. Pákó ni kí ẹ kì bọ àárín wọn, tàbí kí ẹ da táwẹ̀lì tó nípọn bò wọ́n, torí ní àkókò yẹn wọn kò mọ ọwọ́ yín yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹ dá akọ padà sí àgò tirẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó tún un gbìyànjú. Bó bá tún di ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá akọ mìíràn. Ìwà ẹran yàtọ̀ síra.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí ni kí èèyàn máa yọ wọ́n, kó máa dá wọn padà, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lé ara wọn. Ẹ ti tú ìjókòó ìdílé ká nìyẹn, ìgbà tí wọ́n bá tún pàdé, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tèmi gba bíi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, Balógun ti rí ibì kan ní etí òkìtì èèsún, ó jókòó níbẹ̀, ó ń jẹ ewé kúkúǹdùkú, Ìyálóde sì ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kejì láì wojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré na ara sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń jẹun nídìí òkìtì kan náà, tí ẹnì kan tilẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ lè kó wọn wọlé.

Inú àgò

Ẹ fọ àgò àwọn abo mọ́ tónítóní kí wọ́n tó padà. Ẹ da èérún pákó tuntun sí i, ẹ pààrọ̀ ipò gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó dà bí ilé tuntun lójú gbogbo wọn. Abọ́ oúnjẹ méjì, omi méjì, ní ìkangun méjì, kí ẹnì kan má bàa jókòó ti abọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ooru dé. Ẹran orí òkè tútù ni, ooru tó bá ti kọjá ìwọ̀n 28 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ti ń ni ín lára. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, Abẹ́òkúta máa ń gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ilé wa, àpáta kan wà tó ń gba oòrùn látàárọ̀, tí á sì máa tú ooru rẹ̀ jáde títí di alẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé àgò sí, mo rò pé ó máa dènà atẹ́gùn òjò. Mo tètè gbé e kúrò. Lọ́sàn-án tó bá mú jù, mo máa ń fi aṣọ wé ìgò omi dídì, mo gbé e kalẹ̀ láàárín wọn, wọ́n á sùn yí i ká. Ẹran tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń da itọ́, tó sì na gbalaja, ẹ gbé e lọ síbòji, ẹ fi omi tí kò tutù jù pa á ní etí àti ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Oúnjẹ wọn ni koríko, ní gbogbo ìgbà. Ara wọn, bíi tiwa, kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, aláboyún sì nílò rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Oúnjẹ ehoro tàbí ti adìyẹ kò ní ṣe iṣẹ́ yẹn. Gúáfà díẹ̀ tàbí tàtàṣé tútù kan láti ọjà Kútọ̀, tí ẹ gé fún wọn lójoojúmọ́, ti tó.

Lẹ́yìn ìpàdé

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wọn wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ń rù, ó lè jẹ́ pé wọn kì í jẹ́ kó jẹun. Èyí tó bá ń sanra ní ìbàdí bí àpò ìrẹsì, ẹ ti mọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ ó máa rí i tí ọmọ ń tàpá nínú rẹ̀. Ẹ má máa gbé e kiri ní àkókò yẹn.

Kí abo àkọ́kọ́ tó bímọ, ẹ yọ akọ. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, torí láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí abo bímọ, ara rẹ̀ á tún gba akọ. Bí akọ bá wà níbẹ̀, á tún lóyún ní ọjọ́ ìbí, á máa fún àwọn kan lọ́mú, á máa gbé àwọn kan sínú. Ara kì í ṣe irin. Èmi máa ń yọ tèmi ní ọ̀sẹ̀ 7 lẹ́yìn tó wọlé, mo gbé e sí àgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti lè máa kùn sí wọn láti ìta.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Akọ inú wọn lè gun ìyá àti àwọn abo tí wọ́n jọ bí láti bí ọ̀sẹ̀ 3. Ní ọjọ́ 21, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe wí lókè, kí ẹ kó àwọn akọ kúrò. Wọ́n lè lọ bá bàbá wọn, bí kò bá sí abo tó ń ta òórùn sí wọn nítòsí. Nítorí náà mo gbé àgò Balógun lọ sí iwájú ilé kí n tó kó méjì àkọ́kọ́ bá a. Ó fi imú kàn wọ́n, ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wá sún kúrò nídìí èèsún fún wọn.